Alágbẹ̀dẹ kì í yọ́ irin kó tó rọ ọkọ́

Ìbéèrè tó wọlé sí mi lọ́sẹ̀ yìí rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà. Àkúrẹ́ ni mo wà, iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Èmi àti àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Maryland fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà lórí àwọn ilé gíga méjì World Trade Center tí bàlúù kọlù ní New York lọ́dún 2001. Mo ní iná epo bàlúù ò lè yọ́ irin, torí èmi fúnra mi mọ irú iná tí mo máa ń tàn kí irin tó yọ́. Mo tún ní ilé kẹta tó wó lọ́jọ́ yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 7, bàlúù kankan ò kàn án, síbẹ̀ ó wó lulẹ̀ tààrà nírọ̀lẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi bọ́ǹbù wó o, obìnrin oníròyìn BBC sì ti kéde rẹ̀ kó tó wó. Àbúrò bàbá mi ní aláìmọ̀kan ni mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ ilé, ṣé ẹ gba ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ gbọ́?”

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan kọ́ rárá. Wẹ́dà tó ń fi iná gé irin lójoojúmọ́ tí kò bá béèrè irú ìbéèrè yìí ni mo máa bi pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹrù tí o gbé wá ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ tú, torí nǹkan mẹ́ta ló dì mọ́ra nínú ẹ̀: kí ló wó àwọn ilé yẹn, ta ló ṣe é, àti pé ṣé ìjọba Amẹ́ríkà sọ òtítọ́ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ló ń mú irọ́ tí wọ́n bá nídìí ẹ̀kẹta láti fi dáhùn èkíní. Ó ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà ilé, nítorí náà èkíní ni mo máa pẹ́ sí. Nínú méjì yòókù, ẹni tó ń kàwé bíi tìrẹ lásán ni mo jẹ́.

Bó ṣe lọ rèé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, 11 oṣù Kẹsàn-án 2001. Ní aago 8:46 àárọ̀, bàlúù Boeing 767 kan ya wọ ilé ti ìhà àríwá láàárín àjà 93 sí 99. Ní 9:03, òmíràn wọ ti gúúsù láàárín àjà 77 sí 85. Alájà 110 ni àwọn méjèèjì. Ti gúúsù wó ní 9:59, ti àríwá wó ní 10:28. Nọ́ńbà 7, alájà 47, wó ní nǹkan bí aago 5:20 ìrọ̀lẹ́. Tí a bá ka àwọn tó kú ní Pentagon, olú ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, àti ní Pennsylvania, níbi tí bàlúù méjì mìíràn ti já lulẹ̀, mọ́ ọn, èèyàn 2,977 ló bá ọjọ́ náà lọ, láìka àwọn 19 tó já bàlúù gbà. Kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀: ilé tí wọ́n kọlù kẹ́yìn ló kọ́kọ́ wó. Ìṣẹ́jú 56 ló fi dúró, èkejì fi ìṣẹ́jú 102 dúró. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ bọ́tìnì bọ́ǹbù, tó sì fẹ́ ká rò pé bàlúù ló fà á, kò ní tò ó báyẹn. Ṣùgbọ́n ó yé ẹnjiníà. Ibi tí bàlúù ti wọ ilé gúúsù sún mọ́ ilẹ̀ ju ti èkejì lọ, ẹrù tó wà lórí ibi tó fọ́ pọ̀ gan-an, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì ti gbá a, kì í ṣe àárín. Nínú alárù méjì, èyí tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù tí wọ́n sì gbá lẹ́sẹ̀ kan ló máa kọ́kọ́ ṣubú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ yíyọ́. Òótọ́ lo sọ. Irin kì í yọ́ àfi tí ooru bá súnmọ́ 1,500 lórí ìwọ̀n Celsius, iná tó ń jó nínú ọ́fíìsì kì í sì í sábà kọjá 1,000. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn amòye kan tiẹ̀ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé irin náà yọ́, àṣìṣe gbáà ni, ibẹ̀ sì ni ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ NIST tí ìjọba Amẹ́ríkà ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí ilé méjèèjì jáde ní 2005, kò sọ pé irin yọ́ kí ilé tó wó. Yíyọ́ kọ́ ló ń wó ilé. Lọ jókòó ti alágbẹ̀dẹ kan fún wákàtí kan péré. Ó fẹ́ rọ ọkọ́, ó ki irin bọnú èédú, ó ń fín ẹwìrì, irin pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ, ó fi ẹmú mú un jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ṣé o rí irin kankan tó yọ́ níbẹ̀? Ṣe ló rọ̀, ó sì ń gbọ́ràn sí owú lẹ́nu. Ìwọ náà ńkọ́, tí o bá fẹ́ tẹ páìpù fún gétì àwọn oníbàárà rẹ, ṣé o máa ń yọ́ ọ ni? O kàn máa fi iná gáàsì pọ́n ọn lójú ni, o sì tẹ̀ ẹ́. Tí irin bá ti gbóná dé nǹkan bí 600, agbára tó kù lára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì lọ. Pílà tó ru ẹrù gbogbo àjà tó wà lókè rẹ̀, tí ìdajì agbára rẹ̀ sì lọ, ìwọ fúnra rẹ lè parí ìtàn yẹn.

Epo bàlúù gan-an kò pẹ́ níbẹ̀. Bàlúù kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan bí 38,000 lítà, ẹbí kẹrosíìnì sì ni epo ọ̀hún. Apá kan jó lójú afẹ́fẹ́ bí òṣùṣù iná ńlá tí gbogbo wa rí lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyókù jó tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìṣáná ni epo náà. Igi ìdáná ni tábìlì, àga, kápẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà àti òkìtì ìwé tó kún àwọn ọ́fíìsì yẹn, fèrèsé tó ti fọ́ sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bí ẹwìrì. Nítorí náà ẹni tó bá ń bá ọ jiyàn lórí epo bàlúù, òun náà ń jà lẹ́yìn ilé ni.

Mo rí irú rẹ̀ rí, kì í ṣe nínú ìwé. Ilé ìkẹ́rùsí kan jóná ní Ìbàdàn, fóòmù àti aṣọ ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì pè mí wá ní ọjọ́ kejì láti wò ó bóyá ohun tó kù lè dúró. Irin ni wọ́n fi gbé òrùlé. Kò sí èyí tó yọ́ nínú wọn, kódà àgádágodo ẹnu ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀ odindi. Ṣùgbọ́n gbogbo irin òkè ti dẹ̀ wálẹ̀ bí okùn tí wọ́n sá aṣọ tútù sí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ògiri ẹ̀gbẹ́ kan tí iná ò tiẹ̀ dé, tó wó sínú ilé. Mo yí i ká lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi: nígbà tí irin òkè ń dẹ̀, ṣe ló ń fa ògiri tí wọ́n dè é mọ́. Iná ò fọwọ́ kan ògiri yẹn, irin tí iná ti sọ di okùn ló fà á wó. Alájọṣe ẹni tó ni ilé náà búra fún mi pé àwọn ọ̀tá ló ri nǹkan mọ́ ibẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù, mo fi ojú ibi tí bọ́ọ̀tì ti já hàn án. Kò gbà mí gbọ́, mo sì rò pé títí dòní kò tíì gbà mí gbọ́.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní New York, tó kàn tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé yẹn, pílà irin tín-ínrín tín-ínrín ló pọ̀ lọ súà yí ara ìta ká, pílà ńláńlá sì wà ní àárín níbi tí àtẹ̀gùn àti líìfìtì wà. Láàárín ìta àti àárín yìí, kò sí pílà kankan. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n hun bí àká ló gbé dẹ́kìn kọ̀ọ̀kan láti ìhín dé ọ̀hún. Wọ́n ti fọ́n nǹkan kan bí òwú sára àwọn irin náà kí iná má bàa tètè ràn wọ́n, ẹ̀wù wọn nìyẹn. Nígbà tí bàlúù fi iyára yẹn ya wọlé, yàtọ̀ sí pílà tó gé, ó bọ́ ẹ̀wù ọ̀hún kúrò lára ọ̀pọ̀ irin tó kù níbẹ̀. Iná wá kan ìhòòhò irin. Dẹ́kìn dẹ̀, ó ń fa pílà ìta wọnú, àwòrán sì wà níbẹ̀ tó fi hàn pé kí ilé tó wó ni ara rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Ní ilé àríwá, NIST wọn ibi tó tẹ̀ wọnú jù, ó tó ìwọ̀n mítà kan lé díẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó wà nínú hẹlikọ́pítà tiẹ̀ ti ń ké pe ara wọn lórí rédíò pé kò ní pẹ́ wó. Bọ́ǹbù kì í fa pílà wọnú díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó ṣẹ́ ẹ. Ibi tí bàlúù ti wọlé gan-an sì ni ilé kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ẹni tó bá ní wọ́n ri bọ́ǹbù mọ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún wa irú wáyà tí bàlúù máa gbá, tí iná máa sì jó fún nǹkan bí wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí á ṣì máa ṣiṣẹ́.

“Ó wó lulẹ̀ tààrà” náà, ọ̀rọ̀ tó máa ń tan ojú jẹ ni. Ilé kì í ṣe igi ọ̀pẹ tí a bẹ́ nídìí tó máa dà sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilé àwòṣífìlà, afẹ́fẹ́ ni, ẹrù ńlá tí wọ́n já sílẹ̀ láti òkè kò sì lè yà sí ibòmíràn àyàfi ìsàlẹ̀. Orí ilé gúúsù kọ́kọ́ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan lóòótọ́, ó wà nínú fídíò, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó gbà á mì. Àwókù ilé méjèèjì sì fọ́n ká débi pé ó run àwọn ilé mìíràn ní àyíká. Ọ̀kan lára àwọn tí ó bà ni nọ́ńbà 7, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wá le.

Lórí nọ́ńbà 7, mi ò ní ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Nígbà tí ilé àríwá wó, àwókù rẹ̀ gún ara nọ́ńbà 7, iná sì ṣẹ́ ní àjà bíi mélòó kan. Ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi láti òkè àjà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù omi ìlú ló ń bu omi fún ti àwọn àjà ìsàlẹ̀, páìpù yẹn sì ti bẹ́. Àwọn panápaná ti pàdánù èèyàn wọn lọ́nà tí a ò rí irú ẹ̀ rí, wọ́n ò sì ní omi tó tó, ni wọ́n bá fi ilé náà sílẹ̀. Iná jó o fún bíi wákàtí méje. Ìwọ tí o jẹ́ wẹ́dà mọ̀ pé irin máa ń gùn sí i tó bá gbóná. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń tákì ibi púpọ̀ kí ẹ tó wẹ́ẹ̀dì í pa, kó má bàa lọ́. Ohun tí NIST sọ nínú àbọ̀ ìwádìí tó jáde ní oṣù Kọkànlá 2008 ni pé àwọn bíìmù gígùn ní apá ìlà oòrùn gùn sí i nínú ooru, wọ́n sì ti bíìmù ńlá kan kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ lára pílà 79, ní àjà 13. Àjà yẹn jábọ́, ó kó àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, pílà 79 wá dá dúró gọ̀ọ́rọ̀ láìsí ohun tó dì í mú lọ́tùn-ún lósì, ó sì ká. Lẹ́yìn náà inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wó láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn kí ògiri ìta tó mì. Wá fídíò tó gùn. Wàá rí ilé kékeré tó wà lórí òrùlé lápá ìlà oòrùn tó rì wọnú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje kí ìyókù tó tẹ̀lé e. Èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rírì yẹn, ẹni tó bá wò ó á rò pé gbogbo ilé náà ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn oníyèméjì gba ẹ̀tọ́ wọn níbì kan, mi ò sì ní fi í pamọ́ fún ọ. Nígbà tí NIST gbé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹjọ 2008, wọ́n ní ilé náà kò já wálẹ̀ bí òkúta tí kò ní ohun tó dá a dúró. Olùkọ́ físíìsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama, David Chandler, wọn fídíò náà fúnra rẹ̀, ó sì bá wọn jiyàn ní gbangba. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí tòótọ́ jáde, wọ́n gbà fún un: fún ìṣẹ́jú àáyá 2.25, ní nǹkan bí gíga àjà mẹ́jọ, ilé náà já wálẹ̀ bí òkúta. Àlàyé wọn ni pé inú ti wó tán nígbà yẹn, pílà ìta tó kù sì ti ká, kò sí ohun tó lè dá orí rẹ̀ dúró mọ́. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ló mú kí wọ́n kọ ọ́, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń pe àwọn oníyèméjì ní wèrè rántí rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orí àwòṣe kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ pílà 79 dúró lé jù. Wọ́n ti kó irin ọ̀hún lọ tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin kí ẹnikẹ́ni tó rò ó re. NIST tún kọ̀ láti fi apá kan nínú ohun tí wọ́n bọ́ kọ̀ǹpútà hàn, wọ́n ní ó lè kó aráàlú sínú ewu. Inú mi ò dùn sí èyí. Tí ilé bá wó níbí tí mo bá sì lọ ṣe irú rẹ̀, wọ́n á ní mo ti gbowó.

Ní 2020, Leroy Hulsey ti yunifásítì Alaska Fairbanks gbé ìwádìí jáde pé iná kọ́ ló wó nọ́ńbà 7. Ẹgbẹ́ Architects & Engineers for 9/11 Truth, tó ti gbà tipẹ́tipẹ́ pé bọ́ǹbù ni, ló san owó rẹ̀. Owó nìkan kò sọ ìwádìí di irọ́. Ohun tí mo rí sí i ni pé ó tako pílà 79, ó ní gbogbo pílà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò gbé wáyà kan, ojú ibi tí wọ́n gé kan, tàbí ìró kan jáde tó máa fi hàn pé ẹnì kan ló ṣẹ́ wọn. Tí ẹnì kan bá fi hàn mí lọ́la pé bọ́ọ̀tì mìíràn ló kọ́kọ́ já, ní àjà mìíràn, kò ní yà mí lẹ́nu. Láti orí “iná ni, ṣùgbọ́n oríkèé mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀” dé orí “bọ́ǹbù ni”, ọ̀sà ló wà láàárín wọn.

Torí bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ǹbù wó ilé irin rèé. Ní 1998, wọ́n wó ilé ìtajà Hudson’s ní Detroit. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nínú ilé tó ti ṣófo, àdó tí wọ́n so mọ́ ọn lé ní 4,000, ilé yẹn kò sì ga tó nọ́ńbà 7. Ẹni tó bá fẹ́ so irú rẹ̀ mọ́ ilé tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ máa ní láti tú ògiri, kó ṣí pílà, kó gé wọn díẹ̀, kó ta wáyà káàkiri, kí akọ̀wé kankan má sì béèrè pé kí lẹ̀ ń ṣe. Ìró rẹ̀ kò sì ṣeé fi pamọ́. Tó bá dún, gbogbo gúúsù Manhattan á gbọ́ ọ lẹ́sẹẹsẹ, kò sì sí nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn kan ní thermite ni, kì í ṣe bọ́ǹbù, àpòpọ̀ ìpẹtà irin àti alumíníọ̀mù lílọ̀ tí wọ́n fi ń so irin ojú ọ̀nà rélùwéè pọ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Niels Harrit àti Steven Jones pẹ̀lú àwọn mìíràn, kọ̀wé ní 2009 pé àwọn rí ègé pupa rẹ̀ nínú eruku àwọn ilé tó wó. Olóòtú àgbà ìwé ìròyìn tó gbé e jáde fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ sí i. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun irin náà ní ìpẹtà irin nínú, nítorí náà ọ̀rọ̀ eruku pupa kò wọ̀ mí lára.

Ti obìnrin BBC yẹn rọrùn jù. Láti ọ̀sán ni àwọn panápaná ti rí i pé ara nọ́ńbà 7 ti wú níbì kan, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń ké, wọ́n sì ti lé gbogbo èèyàn jìnnà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo oníròyìn tó wà nítòsí ló ti gbọ́ pé ilé yẹn máa wó. Láàárín “ó fẹ́ wó” àti “ó ti wó”, ọ̀rọ̀ kan péré ni, ìròyìn sì ti gba ẹnu mẹ́rin kọjá kó tó dé Lọ́ńdọ̀n. Olè wo ló máa ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè kó tó fọ́ ilé?

O lè tún sọ pé kí ọjọ́ yẹn tó dé, kò sí ilé gíga onírin tí iná dá wó pátápátá. Òótọ́ ni, ilé One Meridian Plaza ní Philadelphia jó fún ohun tó lé ní wákàtí 18 ní 1991, ó sì dúró. Ṣùgbọ́n wò ó láti ìgbà náà. Ní Madrid, ọdún 2005, ilé Windsor jó: apá òkè tó jẹ́ pé irin ló gbé e wó, àárín tó jẹ́ kọnkéré dúró. Ilé Plasco ní Tehran wó nínú iná ní oṣù Kìíní 2017 lójú kámẹ́rà, pẹ̀lú àwọn panápaná nínú rẹ̀. Ilé alájà 24 kan ní São Paulo wó nínú iná ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2018. Tí o bá wá rántí ilé NET ní Marina, l’Ékòó, tó jó ní 1983 tó sì dúró, kọnkéré ló gbà á. Kọnkéré ni ẹ̀wù rọ́ọ̀dù.

Ilé NET yẹn náà ló máa jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìbéèrè rẹ fi wọ̀ mí lọ́kàn. Ọmọdé ni mí nígbà tó jó, kò sì sẹ́ni tó gbà ládùúgbò wa pé iná ṣèèṣì ni. Wọ́n ní àwọn tó jẹ owó ló dáná sun ìwé. Àwa tí ìjọba ti purọ́ fún lọ bẹẹrẹ, ẹ̀rí kọ́ ni a máa ń kọ́kọ́ wá. Àwọn àgbà wa pa á lówe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo fẹ́ràn òwe yẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́ sínú àbọ̀ ìwádìí ilé tó wó. Ohun tó pa ọmọ ni mo gbọ́dọ̀ kọ, bí àjẹ́ tiẹ̀ ké lóòótọ́.

Àjẹ́ sì ké ní Amẹ́ríkà, ó ké gan-an ni. Ní 18 oṣù Kẹsàn-án 2001, nígbà tí àwókù ṣì ń rú èéfín, Christie Todd Whitman tó jẹ́ olórí EPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, kéde fún àwọn ará New York pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò léwu láti mí. Ní 2003, olùbẹ̀wò àjọ ọ̀hún fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti sọ bẹ́ẹ̀. Panápaná 343 ló kú lọ́jọ́ náà, àìsàn tí eruku yẹn fà sì ti pa iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ́ wọn láti ìgbà náà. CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, mọ̀ pé méjì nínú àwọn tó já bàlúù gbà, Nawaf al-Hazmi àti Khalid al-Mihdhar, ní nǹkan ṣe pẹ̀lú al-Qaeda, ẹgbẹ́ Bin Laden, wọ́n sì mọ̀ pé wọ́n ní ọ̀nà láti wọ Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ó di oṣù Kẹjọ 2001 kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa wá wọn. Ní 6 oṣù Kẹjọ, ìwé dé iwájú Ààrẹ Bush pé Bin Laden ti pinnu láti kọlu Amẹ́ríkà nílé. Ohun tí àwọn ológun kọ́kọ́ sọ fún ìgbìmọ̀ olùwádìí nípa bí wọ́n ṣe gbéra lọ́jọ́ náà kò bá ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ mu. Odindi ojú ìwé 28 nínú àbọ̀ ìwádìí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, tó dá lórí Saudi Arabia, wà ní àhámọ́ títí di 2016, bẹ́ẹ̀ ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ ni 15 nínú àwọn 19 náà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n tún lọ gbógun ti Iraq ní 2003 lórí ohun ìjà olóró tí kò sí níbẹ̀.

Bí o bá wá ń wá ibi tí o máa da ìfura rẹ sí, àbúrò mi, ibẹ̀ yẹn ni. Ìdílé àwọn tó kú ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ́ Saudi Arabia lọ sílé ẹjọ́. Ìgbìmọ̀ olùwádìí ní 2004 sọ pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé ìjọba ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọba, tàbí àwọn àgbà ìjọba ọ̀hún, fún al-Qaeda lówó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀ lójú àwọn tó sìnkú. Mi ò lè dá ẹjọ́ yẹn, èmi kì í ṣe adájọ́ tàbí ọlọ́pàá inú. Èyí tí mo lè sọ ni pé Bin Laden fúnra rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ gbà á nínú fídíò ní oṣù Kẹwàá 2004, àti pé ohun tó dà bíi pé ó ń dun àwọn ọ̀gá ní Washington jù ni pé kí aráyé mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀ tí wọn ò sì ṣe nǹkan kan. Bí gbogbo wa bá jókòó ti ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù, mo rò pé ara tù wọ́n.

Ní ti ìwọ àti àbúrò bàbá rẹ, kò yẹ kó pè ọ́ ní aláìmọ̀kan, ìwọ náà sì tọrọ àforíjì tí o bá sọ̀rọ̀ sí àgbà. Lẹ́yìn náà, pè é lórí fídíò láti ṣọ́ọ̀bù rẹ. Gbé rọ́ọ̀dù 16 mílímítà kan lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, kí ó jìnnà síra tó mítà kan, kí o so ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn láàárín. Jẹ́ kó rí i pé rọ́ọ̀dù náà rù ú dáadáa. Wá fi iná gáàsì sí àárín rẹ̀, má gé e, má yọ́ ọ, kàn máa pọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì dákẹ́ máa wò ó. Fi ẹsẹ̀ rẹ jìnnà sí sìmẹ́ǹtì yẹn, kí o sì wọ awò ojú rẹ.